Ipa Awun Lórí Iyanrìn: Àkọsílẹ̀ Ìṣọ́ Awun Òkun ní Etíkun Ìlàjẹ

Ìpínlẹ̀ Òndó ní òkun, bí ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ tilẹ̀ máa ń gbàgbé. Ẹni tó bá gba ìlú Òndó àti Òkìtìpupa kọjá dé Igbókòdá, tó sì wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, yóò gbọ́ ìró ìgbì kí ilẹ̀ tó ṣú. Etíkun náà kì í ṣe irú kan náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Lápá Àràrọ̀mí, iyanrìn wà. Bí a bá kọrí sí Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 tí òkun sì ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹrẹ̀ ló pọ̀ létí omi. Awun òkun kì í yé sínú ẹrẹ̀. Iyanrìn tó gbẹ ni abo ń wá, tó ga ju ibi tí òkun ń gùn dé lọ, tó sì ṣeé gbẹ́ láìwó. Nítorí náà, lórí iyanrìn ni iṣẹ́ kíka ihò ẹyin awun òkun tí a fẹ́ ròyìn yìí ti wáyé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé apẹja kan tí a kò ní dárúkọ, torí ẹni tó bá ti mọ ibi tí awun ń yé ti mọ ibi tí ẹyin wà.

Oríṣi awun òkun márùn-ún ni àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ pé ó ń dé omi Nàìjíríà, ṣùgbọ́n méjì ló kan ọ̀rọ̀ wa jù. Èkíní ni Lepidochelys olivacea. Kò tóbi: igbá ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 75, ó sì máa ń wọn nǹkan bíi kílò 35 sí 45. Awun kékeré la ó máa pè é níhìn-ín. Èkejì ni Dermochelys coriacea, awun aláwọ, tí kò ní ìpẹ́ líle lẹ́yìn bíi ti àwọn yòókù. Awọ dúdú ló bò ó, pẹ̀lú òkè gbọọrọ méje tó tò láti ọrùn dé ìdí. Èyí lè gùn tó mítà kan ààbọ̀, kí ó sì wọn kílò 250 sí 500. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta ni àwọn méjèèjì ń gòkè wá yé lóru. Òfin dáàbò bò wọ́n. Àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, tí Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, fi gbogbo awun òkun sí ìsọ̀rí kìíní, níbi tí òwò láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ti jẹ́ èèwọ̀. Ní 1985, Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lórí òwò àwọn ẹranko tó fẹ́ tán nílẹ̀.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ náà fẹ́ dáhùn kò ju ọ̀kan lọ: ihò ẹyin mélòó ni awun ń gbẹ́ sí etíkun yẹn ní àsìkò kan, irú awun wo ló sì ń gbẹ́ ẹ?

Ìrìn ọjọ́ Sátidé

Àkúrẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń gbé, wọ́n sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ètò wọn ni pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí Igbókòdá ní ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n sùn ní abúlé náà, kí wọ́n sì rin etíkun láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì ní àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n ka gbogbo ipa tí wọ́n bá rí. Epo ọkọ̀ ojú omi ló ń jẹ owó wọn jù, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni agbára wọn ká. Nígbà tí àsìkò ẹyin parí, ipa tó wà nínú ìwé wọn kéré, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ti awun aláwọ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìròyìn pé awun kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ yé níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni ohun tó dá wọn dúró wà. Ìyá kan tó ń yan ẹja ń fi igbá ẹ̀yìn awun bu omi fún adìẹ. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ìpẹ́ ńláńlá tó tò sí ẹ̀gbẹ́ igbá náà: méje lápá kan, mẹ́fà lápá kejì. Àmì tó dájú nìyẹn. Awun bíi Chelonia mydas àti Eretmochelys imbricata máa ń ní mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan, Caretta caretta máa ń ní márùn-ún. Tí ó bá ti di mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, tí apá méjèèjì kò sì dọ́gba, awun kékeré ni. Wọ́n yí abúlé ká, wọ́n rí igbá mìíràn níbi ìdáná, òmíràn lẹ́yìn ilé ìyan ẹja. Awun kékeré ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá kánjú yóò sọ pé ipa ló parọ́, igbá ló sọ òtítọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awun aláwọ kò ní igbá líle tó lè wà ní ẹ̀yìnkùlé fún ọdún méjì; ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń jẹrà pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀. Bí wọ́n bá pa mẹ́wàá nínú rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé kò ní fi ọ̀kan hàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni igbá awun kékeré tó wà nílé apẹja lè jẹ́ ti èyí tó kó sí àwọ̀n láàárín òkun, tí kò gòkè wá sí iyanrìn rí. Ẹ̀rí méjèèjì ló ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Mo ka ibi yìí sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà, torí pé níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti kúrò lórí "mélòó la rí?" bọ́ sórí "kí ni ọ̀nà tí a gbà wò kò lè jẹ́ ká rí?"

Wọ́n lọ bá bàbá àgbà kan tó ti ń fa àwọ̀n létíkun náà láti kékeré. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Ọ̀rọ̀ awun la bá wá." Bàbá ní, "Ẹ kú ìrìn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ kò rí i pé ilẹ̀ ti máa ń mọ́ kanlẹ̀ kí ẹ tó jáde ni? Ọ̀kadà á ti kọjá, ewúrẹ́ á ti kọjá, àwọn tó kó ẹyin á sì ti fi imọ̀ àgbọn gbá ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà. Kí lẹ wá fẹ́ kà?"

Àlàyé tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ bàbá yìí rọrùn. Ipa awun aláwọ máa ń fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì. Apá iwájú méjèèjì ló máa ń jù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àmì ọ̀tún àti tòsì máa ń dojú kọ ara wọn. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ń jẹ́ kí ipa náà jinlẹ̀, ibi tó ti yé sì máa ń dà bí ilẹ̀ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Irú ipa bẹ́ẹ̀ lè wà fún ọjọ́ púpọ̀. Ipa awun kékeré kò ju sẹ̀ǹtímítà 70 sí 80 lọ ní fífẹ̀. Ó ń fi apá ọ̀tún àti tòsì rìn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì wọn kì í sì í dojú kọ ara wọn. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ipa rẹ̀ kò jinlẹ̀. Tó bá sì yé tán, ó máa ń fi àyà àti ìhà gún iyanrìn mọ́lẹ̀ títí ojú ihò yóò fi rí pẹrẹsẹ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè pa á rẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan, ìyẹn bí ọ̀kadà kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń mú ipa awun ńlá tó ti pé ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ó sì ń pàdánù ti awun kékeré, àfi èyí tó bá gòkè ní òru Jímọ̀ gan-an. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ìwé wọn jẹ́ ìyàtọ̀ bí ipa ṣe ń pẹ́ sí, kì í ṣe ìyàtọ̀ iye awun.

Owó lórí ihò kọ̀ọ̀kan

Nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé àwọn fúnra wọn kò lè wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ará abúlé. Ìpinnu tó tọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń sanwó ló gbé wàhálà wá: ẹni tó bá fi ihò ẹyin tuntun hàn wọ́n yóò gba owó lórí ihò náà, ìwọ̀nba owó tó tó iye tí wọn ì bá ti ta díẹ̀ nínú ẹyin ọ̀hún. Láàárín oṣù kan, ihò tó wọ ìwé ti pọ̀ ju ti gbogbo àsìkò tó kọjá lọ. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ihò awun kékeré pọ̀ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rò, ẹnikẹ́ni kò sì rí ìdí láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbà tí ọjọ́ pípa pé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹyin awun kékeré máa ń lò nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60 nínú iyanrìn. Ìlànà ni pé bí ọmọ awun bá ti jáde, kí a dúró fún wákàtí 48 sí 72 kí èyí tó bá ṣẹ́kù lè jáde fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a hú ihò náà, kí a ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a kò bá rí ipa ọmọ kankan, a ó dúró dé nǹkan bí ọjọ́ 70 kí a tó hú u. Èèpo ẹyin tó bá lé ní ìdajì ni a ń kà sí ọmọ kan tó pa. Èyí tí kò pa, a ó fa á ya, a ó sì pín in: èyí tí kò ní ọlẹ̀ (ọmọ tó ń dàgbà nínú ẹyin) tó hàn, èyí tí ọlẹ̀ rẹ̀ kéré, èyí tí ọlẹ̀ rẹ̀ ti gbó kó tó kú, èyí tí akàn tàbí èèrà ti jẹ. Iye tó pa, nígbà tí a bá pín in sí gbogbo ẹyin tó wà nínú ihò, ló ń fún wa ní ìdá ọgọ́rùn-ún tó yè.

Nínú ọ̀pọ̀ lára àwọn ihò tí wọ́n sanwó lé lórí, kò sí ọmọ tó jáde. Nígbà tí wọ́n hú wọn, ohun mẹ́ta ló fara hàn pọ̀. Ẹyin inú wọn kéré: ogójì níhìn-ín, àádọ́ta lọ́hùn-ún, nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni awun kékeré máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ìrísí ihò kò tọ̀nà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni abo fi ń gbẹ́ ihò rẹ̀, ọrùn ihò náà máa ń tín-ín-rín, inú rẹ̀ á sì fẹ̀ bí ti agbè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50. Èyí tí wọ́n hú rí bíi kòtò iṣu, kò jìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gbọọrọ. Ẹ̀kẹta ló dájú jù lọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹyin ló kú ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ọlẹ̀ tó tó ohun tí ojú lè rí dáadáa.

Ẹyin awun kì í ṣe ẹyin adìẹ. Adìẹ ń yí ẹyin rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹyin awun tí wọ́n bá yí lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí abo ti yé e lè kú. Ní kété tó bá ti wọ iyanrìn, ọlẹ̀ inú rẹ̀ yóò gòkè, yóò sì lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo. Bí a bá wá dojú ẹyin náà dé, ọlẹ̀ yóò já. Ẹyin púpọ̀ tó bá kú ní ìpele kan náà nínú ihò kan ṣoṣo, láìsí omi òkun, láìsí akàn, ń sọ pé ọwọ́ ènìyàn ti kàn án.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá hàn. Àwọn kan ń hú ẹyin lóru bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n ń tà á tàbí jẹ ẹ́ lára, wọ́n sì ń ri ìyókù mọ́lẹ̀ nítòsí abúlé kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn mìíràn ń pín ẹyin ihò kan sí méjì, kí owó lè di méjì. Wọ́n fi ọjọ́ tí wọ́n ròyìn wọn àti ibi tí wọ́n wà wé ara wọn nínú ìwé. Ihò méjì tó sún mọ́ra, tí wọ́n ròyìn ní àárọ̀ kan náà, tí àròpọ̀ ẹyin wọn wá ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe iṣẹ́ awun méjì.

N kò bínú sí àwọn tó ṣe é. Ihò ni wọ́n ní kí wọ́n mú wá, ihò ni wọ́n mú wá. Ètò tó bá ń sanwó lórí iye ohun tí a rí yóò máa mú iye náà pọ̀ sí i, bóyá ohun náà wà tàbí kò sí.

Àkọsílẹ̀ òfo

Wọn kò mú ọlọ́pàá wọ̀ ọ́, wọn kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀, wọ́n kó èèpo àti ẹyin tó bàjẹ́ náà dání, wọ́n sì fi han gbogbo ìpàdé bí ọlẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ èèpo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ẹyin tí a rì padà ti kú tán. Ìyàlẹ́nu tó wà lójú àwọn kan níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Wọ́n ti rò pé àwọn dá apá kan sí fún òkun.

Lẹ́yìn ìpàdé náà, wọ́n pa owó ihò rẹ́. Wọ́n pín etíkun náà sí ọ̀nà kìlómítà kan kan, wọ́n fi òpó àgbọn tí wọ́n kùn ní ọ̀dà sí ààlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yan ènìyàn méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó mọ ẹyin í wá jù ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, àti àwọn ìyá tó ń jí lọ síbi ìyan ẹja ní ìdájí. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà, iye kan náà, ì báà jẹ́ pé ipa mẹ́wàá ni wọ́n rí tàbí kò sí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ni ìrìn. Ohun tó sì fi hàn pé ẹnìkan rìn ni fọ́tò òpó ààlà méjèèjì lórí fóònù, pẹ̀lú aago tí wọ́n yà á, lójoojúmọ́.

Báyìí ni ìrìn náà ṣe ń lọ. Ní ìdájí, bí ojú bá ti lè rí ilẹ̀, kí ọ̀kadà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ̀lé ìlà tí òkun gùn dé lóru. Ipa tó bá kọjá ìlà yẹn sókè ni wọ́n ń wá. Wọ́n á kọ́kọ́ mọ èyí tó gòkè yàtọ̀ sí èyí tó sọ̀kalẹ̀: iyanrìn máa ń wọ́ sẹ́yìn apá, nítorí náà ibi tí òkìtì kéékèèké bá wà, ẹ̀yìn awun nìyẹn. Bí òkun bá ń fà nígbà tó ń padà, ipa sísọ̀kalẹ̀ á gùn ju ti gígòkè lọ. Wọ́n á fi téèpù wọn fífẹ̀ rẹ̀, láti etí kan dé etí kejì, ní ibi tó tẹ́jú. Wọ́n á wo bóyá awun náà yé tàbí kò yé, torí pé awun máa ń gòkè, kí ó rí iná, ajá tàbí gbòǹgbò igi, kí ó sì padà láìgbẹ́ nǹkan kan. Iyanrìn tó fọ́n káàkiri, tó rọ̀, tó sì tutù ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ni àmì pé ó yé. Igi kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ láti fi wá ẹyin. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ẹyin ló mọ igi í gún, wọ́n á sì wo orí rẹ̀ bóyá ó tutù. Ẹyin kan tó bá fọ́ lè pe èèrà àti akàn sí gbogbo ìyókù. Ọwọ́ nìkan ni, pẹ̀lú sùúrù, títí a ó fi kan ẹyin àkọ́kọ́, a ó sì bò ó padà.

Nínú ihò tí wọ́n bá rí ẹyin rẹ̀, wọ́n ń fi okùn ọ̀rá kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí sáàárín ẹyin lókè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá hú u, okùn náà ló máa jẹ́rìí pé ihò yẹn gan-an ni, àti pé ẹnikẹ́ni kò tún un rì. Nígbà tí wọ́n bá ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán, wọ́n á fi ẹsẹ̀ fa ìlà gba ipa náà kọjá, kí ẹni tó bá rìn lọ́la má bàa tún un kà.

Àwọn tó ń jáde lóru kò pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ìyọ̀ǹda ìjọba lọ́wọ́, torí pé àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ kan awun. Ọ̀rá pupa ni wọ́n ń wé mọ́ ojú tọ́ọ̀ṣì, nítorí iná funfun lè lé awun padà sómi. Wọ́n kì í sún mọ́ ọn nígbà tó ń gbẹ́lẹ̀. Ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yé ni wọ́n ń wọn igbá ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú téèpù tó rọ̀, láti ibi ọrùn dé ìpẹ̀kun ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń fi àmì onírin sí i: ní etí ẹ̀yìn apá iwájú fún awun kékeré, ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nítòsí ìrù fún awun aláwọ. Àmì yìí ló gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àṣìṣe mìíràn. Awun aláwọ kan lè gòkè lẹ́ẹ̀márùn-ún sí méje nínú àsìkò kan, pẹ̀lú nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá láàárín, kí ó má sì tún padà fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ihò mẹ́fà lè jẹ́ ti ìyá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ka ihò tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé awun ni, ó ti sọ ìyá kan di ẹbí.

Nígbà tí ìrìn ojoojúmọ́ fìdí múlẹ̀, ipa awun kékeré wá pọ̀ ju ti awun aláwọ lọ nínú ìwé, òdì kejì ohun tí ọdún kìíní sọ. Àwọn kan ní Àkúrẹ́ ti fẹ́ kéde pé awun ti pọ̀ sí i nítorí ààbò tuntun. Ẹni tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ kò gbà. Ojú tó ń wò ni ó pọ̀ sí i. Ó ní kí wọ́n má fi iye ọdún Sátidé wé iye ọdún ojoojúmọ́ láéláé, kí wọ́n sì pín iye ipa sí iye kìlómítà tí ènìyàn rìn ní ti gidi kí wọ́n tó fi ọdún kan wé òmíràn.

Òkun, òjìji àti àwọ̀n

Nígbà oṣù tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú, òkun máa ń gùn ju bó ti yẹ lọ. Ní etíkun tí ìgbì ti ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn ihò kan wà tó dájú pé omi yóò gbé wọn. Fún irú èyí nìkan ni wọ́n gbà láti kó ẹyin lọ síbòmíràn, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ lẹ́yìn tí abo yé. Bí aago bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún òkun. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á kó ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan láìyí i, sínú garawa tí wọ́n ti tẹ́ iyanrìn ihò náà gan-an sí, wọ́n á sì gbé e rìn jẹ́jẹ́. Ihò tuntun gbọ́dọ̀ jìn tó ti àkọ́kọ́, kí inú rẹ̀ fẹ̀ bí agbè: sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 fún awun kékeré, 70 sí 80 fún awun aláwọ, kí mítà kan ó kéré tán wà láàárín ihò kan àti èkejì.

Abẹ́ àgbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọgbà ẹyin náà sí, torí pé ó tutù, ó sì rọrùn láti ṣọ́. Ẹyin pa dáadáa níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi tètè kọminú. Ooru inú iyanrìn ló ń sọ awun di akọ tàbí abo, pàápàá ní ìdá kẹta tó wà láàárín ìgbà tí ẹyin fi wà nínú ilẹ̀. Ní àyíká 29 sí 30°C, akọ àti abo máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ abo á pọ̀, bó bá tutù akọ á pọ̀. Ọgbà tó wà lábẹ́ òjìji ní gbogbo ọjọ́ lè máa bí akọ nìkan fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, nítorí ọmọ awun kì í fi ìyàtọ̀ hàn lójú. Wọ́n gbé ọgbà náà bọ́ sí gbangba, wọ́n ri ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ ooru sílẹ̀ sí ìjìnlẹ̀ ẹyin, ọ̀kan nínú ọgbà, ọ̀kan nínú ihò tí a kò fọwọ́ kàn, kí wọ́n lè máa fi wé ara wọn. Bákan náà ni wọ́n jáwọ́ nínú fífi ọmọ awun sínú bàsíà omi títí àlejò yóò fi dé. Oúnjẹ tó kù ní ikùn wọn láti inú ẹyin ló ń gbé wọn kọjá ìgbì ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá fi lúwẹ̀ẹ́ nínú bàsíà, ó ti tán nìyẹn.

Àwọn tó ń rìn ní ìdájí tún bẹ̀rẹ̀ sí rí òkú awun tí ìgbì gbé wá, ohun tí ètò àkọ́kọ́ kò ní ààyè fún rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọgbẹ́. Awun ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Èyí tó bá pẹ́ nínú àwọ̀n lábẹ́ omi yóò kú láìní àpá. Òfin ẹja pípa ti 1992 kò gba ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun láàyè láàárín máìlì òkun 5 sí etí ilẹ̀. Àwọn apẹja abúlé náà sọ pé àwọn ń rí iná ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nítòsí lóru. Àwọn òṣìṣẹ́ kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ wọ̀nyẹn ló pa awun náà, torí pé òkú lè ti bá omi rìn láti ọ̀nà jíjìn, àwọ̀n apẹja abúlé náà sì lè pa á. Ohun tí wọ́n kọ ni ọjọ́, ibi, irú awun, gígùn, bí òkú ṣe jẹrà tó, àti iye iná tí wọ́n kà lójú òkun lóru tó ṣáájú. Wọ́n ń fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn òkú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ìgbì bá gbé e lọ síwájú òpó mìíràn. Ìwé yìí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ẹja, pẹ̀lú fọ́tò, lóṣooṣù.

Ìwé tí àwọn tó ń rìn ń lò ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ibi tí a ń kọ iye ipa sí ní ọ̀nà mẹ́ta. Bí wọ́n bá rí, wọ́n á kọ iye. Bí wọ́n bá rìn tí wọn kò rí, wọ́n á kọ "òfo". Bí òjò bá rọ̀, bí ẹni náà bá ń ṣàìsàn, bí òkú bá kú lábúlé tí gbogbo ènìyàn lọ síbi ìsìnkú, wọ́n á kọ "a kò rìn", wọn kò sì ní yọ owó kankan lára owó oṣù ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Apá etíkun tó jẹ́ ẹrẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń rì níbẹ̀ dé orúnkún, "a kò rìn" ni wọ́n kọ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀.